Ọjọ́ Tí Mo Ta Jíìpù Àti Tìmùtìmù Rẹ̀

Ní oṣù mẹ́fà tó tẹ̀lé ikú ìyàwó mi, mi ò ya ọkọ̀ kankan sílẹ̀ lójú títì. Bí mo bá gbéra ní Fìdítì tí mo sì bá lọ́rì oníṣu níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá wà títí dé Ìlọràá, bí kò bá sì dúró ní Ìlọràá, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni màá wà wọ Ọ̀yọ́. Èéfín rẹ̀ ni oúnjẹ àárọ̀ mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi á máa fọn fèrè, wọ́n á máa nawọ́ sí mi bí wọ́n bá ń kọjá, àwọn ọmọ tó kọ́ mọ́tò wíwà lánàá á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á bi mí bóyá mo ń sùn ni. Èmi tí mo wa ọkọ̀ ìjọba fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mi ò gbá adìẹ kan. Ó ń dùn mí, ó sì ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ẹni tó ń bá mi wo ọ̀nà ti lọ.

Ẹni tí kò bá wa mọ́tò láyé ìgbà náà lè má tètè lóye ohun tí mo ń sọ. Jíìpù mi jẹ́ ti àtijọ́, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí apá òsì ni gbogbo wa ń gbà lójú títì nígbà tí wọ́n ṣe é. Nígbà tó yá, ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́, kí oníkálukú bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn mọ́tò tuntun dé pẹ̀lú sítíárìn apá òsì, dírẹ́bà wọn jókòó síhà àárín títì, ó ń rí iwájú kedere. Èmi, ẹ̀gbẹ́ igbó ni mo bá ara mi. Bí lọ́rì bá wà níwájú mi, ẹ̀yìn lọ́rì nìkan ni mo ń rí, àti koríko. Ẹni tó bá jókòó lápá òsì mi ló ń rí ohun tó ń bọ̀. Ọwọ́ ẹni náà ni ẹ̀mí àwa méjèèjì wà, ìyàwó mi sì ni.

Jíìpù yìí kì í ṣe ohun tí mo kàn rí lójú ọ̀nà tí mo rà. Mo ti mọ̀ ọ́n fún ọdún gbọọrọ kó tó di tèmi. Òun ni mo fi ń gbé àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ kiri oko, láti Ìlọràá dé Akínmọ̀ọ́rìn, láti Akínmọ̀ọ́rìn dé Ìwàrè. Níbi tí mọ́tò mìíràn ti ń rì sínú ẹrọ̀fọ̀, tèmi ń gbabẹ̀ kọjá, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, òun náà ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n tì í sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tà á ní gbàǹjo, èmi nìkan ni mo nawọ́. Wọ́n fi okùn fà á dé iwájú ilé mi ní Fìdítì, ìyàwó mi jáde, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Dírẹ́bà ìjọba, ṣé wọ́n ní kí ẹ máa bọ́ ọ náà ni?"

Mi ò sọ ọ́ di tuntun. Mo kórìíra kí wọ́n kun nǹkan àtijọ́ lọ́dà kó máa dán yinrin bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́ rí. Mo tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sórí àpò ìrẹsì, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ ohun tó ti kú nínú rẹ̀, mo sì dá èyí tó ṣì lágbára padà sáyè rẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ọ̀yọ́ lẹ irin mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti dípẹtà títí tí a fi ń rí ilẹ̀. Mo ra tapólì tuntun bò ó lórí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Ibi tí màlúù kan ti kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Ìwàrè, mi ò lù ú jáde. Mo mọ ọjọ́ náà, mo sì mọ màlúù náà. Kò tíì pé ọdún kan tí mo tún un ṣe tán tí ìjọba yí títì padà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọsàn ni a fi ń kó. A ní oko ọsàn kan lẹ́yìn Fìdítì, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀, ìyàwó mi ló ń tà á, ó sì ní àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìlọràá àti ní Ọ̀yọ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni a jọ ń lọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn kúkúrú ni, ìjókòó jíìpù sì ti jìn wọlẹ̀ látàrí àwọn ọ̀gá tó sanra tí mo ti fi gbé. Bó bá jókòó, ojú ọ̀run nìkan ló ń rí. Ó lọ sídìí àpótí rẹ̀, ó mú àdìrẹ kan tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó fi rán tìmùtìmù, ó ki òwú àràbà sínú rẹ̀ títí ó fi le bọn-ín. Ó gbé e sórí ìjókòó, ó gorí rẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní mọ́tò náà ti wá di ti òun wàyí.

Ohun tó kù tí a ní láti yanjú ni bí yóò ṣe máa sọ fún mi. Ẹ́ńjìnnì jíìpù ń pariwo, ẹni tó bá fẹ́ kí n gbọ́ àfi kó kígbe. Ìyàwó mi kọ̀. Ó ní òun kò lè máa kígbe mọ́ ọkọ òun láàárín ìlú, kí àwọn ará Ìlọràá máa wo òun bí obìnrin tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní èmi ni mo ní kó kígbe. Ó ní àwọn ará Ìlọràá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò ó títí a fi dé oko, nígbà tí a sì fi ń padà bọ̀, ó ti rí i: ohun tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ́rì ń ṣe ni òun náà yóò ṣe. Ó na ọwọ́ síta, ó fi òrùka rẹ̀ kan irin ẹ̀gbẹ́ jíìpù. Ẹ̀ẹ̀kan, kí n dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí n máa lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọdún tí a fi jọ ń lọ. Mi ò bi í rí bóyá ó dá a lójú. Bí mo bá ti gbọ́ kó-kó, ẹsẹ̀ mi á tẹ iná.

Àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó bá wọn gbé sítíárìn wá sápá òsì. Èmi náà ti bá ọ̀kan sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́, ó ti ní kí n mú un wá. Nígbà tí mo dé ilé tí mo sọ ọ́, ìyàwó mi ń ṣa ọsàn, ó ń ya èyí tó ti jẹrà sọ́tọ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bí ẹ bá gbé e sápá ibẹ̀, kí ni iṣẹ́ mi nínú mọ́tò yẹn?" Mi ò dá a lóhùn. N kì í ṣe ẹni tó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ í dá lóhùn. Mo kàn jáde lọ síbi jíìpù, mi ò sì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà mọ́.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan ló mú un lọ. Mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Akínmọ̀ọ́rìn àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, wá kó ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ẹrù obìnrin tó bá kú, ti ọmọ rẹ̀ ni, ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni. Ààfáà lè sọ pé ọkọ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ní agboolé wa, ọkùnrin tó bá nawọ́ sí aṣọ ìyàwó rẹ̀ tó kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní í kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ bí ilé ṣe ń ṣófo. Wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó àpótí àti jígí kékeré tó ń gbé sójú fèrèsé. Wọn kò fipá mú ohunkóhun, wọn kò sì pariwo. Ọmọ mi ń sunkún bó ṣe ń di ẹrù. Èmi kò sunkún.

Ẹ̀gbọ́n yẹn, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ tán, ó jáde síwájú ilé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, ó ń wo ìjókòó apá òsì. Mo tẹ̀ lé e jáde. Ó fọwọ́ kan tìmùtìmù náà, ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Mo ní, "Ti mọ́tò ni."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Irọ́ pátápátá ni. Mi ò tilẹ̀ rántí lákòókò náà pé aṣọ ìyá tiwọn ni wọ́n fi rán an. Ó wo tìmùtìmù, ó wo ojú mi, ó ní, "Ó dáa," ó sì lọ gbé ẹrù rẹ̀ rù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà nínú ìdè irọ́ ara mi. Mo fẹ́ gbé tìmùtìmù náà wọlé, kí n gbé e sí yàrá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń wá wò mí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ń gbé gàrí àti ẹ̀wà wá fún mi. Bó bá rí i nínú ilé, á mọ̀ pé kì í ṣe ti mọ́tò. Nítorí náà inú mọ́tò ló ń gbé, ní gbangba, tí n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Bí ẹnì kan bá ní kí n gbé òun, ẹ̀yìn ni màá ní kó lọ. Àárín rẹ̀ ṣì jìn díẹ̀ níbi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí. Mo máa ń wò ó bí mo bá ń wa mọ́tò lọ, èmi nìkan, lẹ́yìn lọ́rì oníṣu. Nínú gbogbo ohun tó jẹ́ ti obìnrin náà, òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n pinnu pé màá ta jíìpù náà ṣẹlẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé Ìlọràá. Lọ́rì ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan wà níwájú mi tó ń rìn bí aboyún. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè. Mo dá a rò lọ́kàn ara mi pé ọ̀nà á ti mọ́, mo yọ imú jíìpù síta. Bọ́ọ̀sì kan ló ń bọ̀ wá pàdé mi. Mo fà padà, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì náà fà sínú koríko, Ọlọ́run sì yọ gbogbo wa. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi bó ti tọ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ìyá àgbàlagbà kan nínú wọn wo inú mọ́tò mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò lẹ́ni tó ń bá yín wo ọ̀nà ni?"

Mo ní mi ò ní.

Nígbà tí mo dé ilé, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "TÍTÀ NI" sójú gíláàsì iwájú. Mo sì pinnu ohun kan: jíìpù á lọ, tìmùtìmù kò ní í lọ. Bí ẹni tó rà á bá ti sanwó tán, màá yọ ọ́ kíá, màá gbé e wọlé, màá sì wá irọ́ mìíràn pa fún ẹ̀gbọ́n. Ó ti mọ́ mi lára báyìí.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá wò ó, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú wọn. Ọ̀kan fi bàtà ta tààyà lẹ́ẹ̀mẹ́rin bí ẹni tó ń jí ewúrẹ́ lójú oorun. Ọ̀kan fi sítíárìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ fẹ́ mọ́tò; ó fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó máa fi lọ ẹ̀gẹ́. Mo bi í pé ìyókù ńkọ́, ó ní òun á fi ìyókù sílẹ̀ fún adìẹ. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀, kó tó di pé mo bú u.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fọ jíìpù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dé láti Akínmọ̀ọ́rìn. Kì í ṣe ọjọ́ tó máa ń wá. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó ní, "Àna mi, mo mú oníbàárà wá fún yín. Ará Ìwàrè ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra ẹ̀gẹ́ tí mo fi ń ṣe gàrí."

Mo kí wọn káàbọ̀, mo gbé àga fún wọn. Inú mi kò dùn. Mi ò retí pé lójú obìnrin yìí gan-an ni màá ti ta mọ́tò náà.

Ọkùnrin náà tó ẹni ogójì ọdún. Kò ta tààyà nípàá. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó sùn lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ abẹ́ jíìpù, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbọn eruku lára, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń fà?" Ó ní oko òun wà lódì kejì odò, pé nígbà òjò àfi kí àwọn máa fi orí ru ẹ̀gẹ́ jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fi bí wọ́n ṣe ń fa jíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin hàn án, mo fi ibi tí màlúù ti kàn án hàn án, mo sì sọ gbogbo àléébù rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ní òun fẹ́ wà á wò.

Nígbà tó jókòó sídìí sítíárìn, èmi náà rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ ni mo sì ti rántí pé láti ọjọ́ tí jíìpù náà ti di tèmi, mi ò jókòó sápá òsì rẹ̀ rí. Mo gorí tìmùtìmù. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tapólì. A jáde sí títì, a kọrí sí ọ̀nà Ìlọràá, kò sì pẹ́ tí a fi bá lọ́rì kan níwájú. Ó dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó wo ojú mi. "Bàbá, báwo lèèyàn ṣe ń kọjá lára wọn?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Mi ò ní òrùka, mo yọ kọ́bọ̀ kan nínú àpò mi, mo na ọwọ́ síta. Nígbà náà ni mo rí títì bí ìyàwó mi ṣe ń rí i. Lọ́rì mìíràn ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, ẹ̀gbẹ́ mi ló gbà kọjá, ó sún mọ́ mi débi pé mo yára fa ọwọ́ mi wọlé, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá mi lójú. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, obìnrin yẹn ló wà láàárín èmi àti gbogbo lọ́rì tó ń bọ̀, tó nawọ́ síta tó ń kan irin. Mi ò rò ó rí. Mo rò pé èmi ni mo ń gbé e kiri. Kò ráhùn rí, kò sì sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé kí ni iṣẹ́ òun, èmi kò sì dá a lóhùn.

Ọ̀nà mọ́. Mo kan irin lẹ́ẹ̀mejì, ọkùnrin náà tẹ iná, a ya lọ́rì náà sílẹ̀ gẹ́rẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ lé sítíárìn. Ó wò mí, ó ní kí ló dé tí ojú mi fi rí bẹ́ẹ̀, mo ní eruku ni.

Nígbà tí a padà dé, a dúnàá-dúrà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n bá wa dá sí i, ọ̀rọ̀ sì parí. Ọkùnrin náà ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i fún tọ̀tún-tòsì, gbogbo wa ṣe àmín. Mo nu ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ kúrò lójú gíláàsì. Lẹ́yìn náà mo rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì bí ẹni tí kò ka nǹkan kan sí, mo sì mú tìmùtìmù mi, mo fi há abíyá.

Ìyàwó ọkùnrin náà dìde lórí àga. Ó gun jíìpù, ó jókòó, ó sì pòórá. A kò rí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀ àfi gèlè. Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà wá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tìmùtìmù yẹn kò bá mọ́tò lọ ni?"

Mo la ẹnu mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbé ohùn sókè. "Àna mi, ṣebí ti mọ́tò ni ẹ pè é lọ́jọ́ sí?"

Ó ń wo ojú mi. Àwọn méjì tó kù náà ń wo ojú mi. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ: irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ náà, ti àbúrò yín ni. Ẹ jẹ́ kó kù fún mi. Ọmọdé lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé àlejò wà níbẹ̀, mo rò ó pé wọ́n á ní arúgbó yìí purọ́ nítorí àdìrẹ, ó purọ́ nítorí ẹrù obìnrin.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ti mọ́tò ni."

Mo fà á yọ lábíyá mi, mo gbé e fún ìyàwó ọkùnrin náà. Ó gbé e sábẹ́, ó gorí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yọ lókè irin iwájú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mo rí i pé àárín tìmùtìmù náà gbà á, bí ẹni pé òun ni wọ́n rán an fún. Inú bí mi sí i fún ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣẹ̀ mí.

Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí mo tún lè fi dá wọn dúró, mo kọ́ ọ. Mo ní, "Ọmọ mi, ọkọ rẹ ò ní í rí ọ̀nà láti ibi tó jókòó sí. Ìwọ lo máa bá a wò ó. Na ọwọ́ rẹ síta báyìí. Fi òrùka rẹ kan irin. Ẹ̀ẹ̀kan, kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, kó máa lọ. Bí kò bá dá ọ lójú, ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, tètè fa ọwọ́ rẹ wọlé."

Ó kàn án wò. Ó ní, "Báyìí, sà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo yíjú sí ọkọ rẹ̀, mo ní, "Ìwọ náà, máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ bá délé. Ìgbàkígbà tí ẹ bá délé." Ó rò pé àwàdà ni, ó ní òun ti gbọ́, bàbá.

Wọ́n gbéra. Èmi àti ẹ̀gbọ́n dúró síwájú ilé, a ń wo jíìpù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì. Ó ní, "Mo dúró dè yín."

Mo ní, "Dúró de kí ni?"

"Kí ẹ sọ ọ́. Àdìrẹ ìyá mi ni mo fọwọ́ kàn lọ́jọ́ ogójì yẹn. Ṣé mo lè má mọ̀ ọ́n? Mo fi sílẹ̀ fún yín ni. Lónìí, mo ní bóyá ẹ máa sọ ọ́. Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, ǹ bá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín, ǹ bá sì rán òmíràn fún ìyàwó ará Ìwàrè yẹn."

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin náà tí ẹ mọ̀, ẹ ò sọ ọ́."

Ó ní, "Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tó ti kú, ẹ ò tíì sọ lójú mi rí pé ó dùn yín."

Jíìpù ti dé ẹnu títì. Lọ́rì kan ń kọjá lọ sí Ìbàdàn, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ kó, ẹ̀ẹ̀kan, jíìpù sì dúró. Àwọn lọ́rì náà kọjá. Ìṣẹ́jú kan lọ, mo ń fetí sílẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ṣì ń wò mí, ó ń dúró bó ṣe dúró ní ìṣáájú. Mo gbọ́ kó-kó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Jíìpù wọ títì, ó kọrí sí ọ̀nà Ìlọràá, igi sì bò ó mọ́ mi lójú.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí n bu omi fún un mu. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó di gèlè rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò padà sí Akínmọ̀ọ́rìn. Ó ṣì ń wá wò mí lẹ́yìn ìgbà náà, ó ṣì ń gbé gàrí wá, ṣùgbọ́n kò tún bi mí mọ́, èmi náà kò sì sọ ọ́. Òun náà ti kú báyìí. Kò sí ẹni tó ń dúró mọ́ kí n sọ nǹkan kan, nítorí náà ibí ni mo kọ ọ́ sí. Ó dùn mí. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.